Ta Ni Yóò Wa Ọkọ̀ Náà? Ìtàn Ààlà Iṣẹ́ Àwọn Awakọ̀ Òfurufú ní Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn àgbà kan tí wọ́n wà lọ́jà, tí wọ́n ṣọ́ igbá tiwọn dáadáa, síbẹ̀ tí orí ọmọ tuntun wọ́ lójú wọn. Àwọn àgbà náà ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ńláńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ igbá wọn ni abala kan nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní scope lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi yóò máa pè é ní abala ààlà, nítorí iṣẹ́ tí ààlà ń ṣe láàárín oko méjì gan-an ló ń ṣe: ó ń sọ ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan parí sí àti ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo yan kókó yìí nítorí pé bí a bá ń kọ́ ìtàn ọkọ̀ òfurufú, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ni a máa ń dárúkọ. A mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, tí wọ́n fò ní ọdún 1903. A kì í sábà béèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà lónìí, ẹni tó gbà á síṣẹ́, àti iye tí wọ́n ń san fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbólóhùn díẹ̀ nínú àdéhùn òṣìṣẹ́ ti pinnu bí ọkọ̀ kan yóò ṣe tóbi tó, iye ènìyàn tí yóò gbé, àti bóyá wọn yóò tilẹ̀ rà á rárá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ilé búrẹ́dì kan wà tí gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn tó ń pò ó níbẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, owó wọn sì dára. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn lọ bá ilé búrẹ́dì kékeré kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀. Ó ní kí wọ́n máa bá òun ṣe búrẹ́dì kéékèèké, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ọ̀rá tó ní orúkọ òun wé e. Oníbàárà kò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀gá kò lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì ilé kékeré bá ń tóbi sí i lọ́dọọdún, kí ni yóò kù fún àwọn tó wà nílé ńlá? Ìbẹ̀rù yìí ló bí abala ààlà.

Ní ọdún 1931 ni àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ wọn tí à ń pè ní ALPA sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe wá rí ni pé orúkọ gbogbo awakọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé kan, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ yan ọkọ̀ tí yóò wà, ìlú tí yóò máa fò lọ àti ìgbà tí yóò gba ìsinmi. Ọkọ̀ tó bá tóbi ni owó rẹ̀ sábà máa ń pọ̀. Àmọ́ ipò àgbà yìí kò ṣe é gbé lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbì kan, bó bá lọ síbòmíràn, ìsàlẹ̀ ìwé ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá fi ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, awakọ̀ kò lè máa bá a lọ láìpàdánù gbogbo ohun tó ti kó jọ.

Fún ogójì ọdún, láti 1938 títí di 1978, ìjọba ló ń sọ iye owó ọkọ̀ àti ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìdíje kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó gba ìdè yìí kúrò. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tó bá wù ú lè fò lọ síbi tó wù ú, ní iye tó wù ú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rọlẹ̀, èyí sì dára fún àwọn èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti dín ìnáwó kù, owó òṣìṣẹ́ sì ni ojú wọn kọ́kọ́ bà lé.

Frank Lorenzo ni ọ̀gá tí àwọn awakọ̀ kò lè gbàgbé nínú wọn. Ó ní ilé iṣẹ́ Texas International, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ní ẹgbẹ́. Ní ọdún 1980, wọ́n dá New York Air sílẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan náà, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti New York Air kò ní ẹgbẹ́, owó wọn sì kéré. Ọwọ́ kan náà ló ni ilé méjèèjì. Nígbà tó yá, Continental náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ó gbé Continental lọ sí ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fa àdéhùn òṣìṣẹ́ ya, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀ níbẹ̀ gba nǹkan bí ọdún méjì, kò sì dá ohun tí wọ́n pàdánù padà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù kọ́ ni pé kò tó láti kọ iye owó sínú àdéhùn. Ó yẹ kí a kọ ẹni tó ni iṣẹ́ sí i pẹ̀lú.

Ní àkókò kan náà, ọ̀nà mìíràn tún là. Láti ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ Allegheny ti gbé iṣẹ́ àwọn ìlú kéékèèké fún ilé iṣẹ́ Henson ní ìlú Hagerstown, tí wọ́n sì ń fò lábẹ́ orúkọ Allegheny Commuter. Lẹ́yìn òfin 1978, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò jọ sí ojúkò kan, bí Atlanta tàbí Chicago, kí wọ́n tó pín wọn ká. Wọ́n nílò ọkọ̀ kéékèèké tí yóò máa kó èrò wá láti ìlú kéékèèké. Ní ọdún 1984, Delta bẹ̀rẹ̀ Delta Connection, American náà sì bẹ̀rẹ̀ American Eagle. Tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá, ara ọkọ̀ ní àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n alágbàṣe ló ń wà á.

Báyìí ni abala ààlà ṣe di pàtàkì. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ rọrùn: gbogbo ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ yìí bá fò, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ipò àgbà ni yóò wà á. Lẹ́yìn gbólóhùn yìí ni àyọ̀ǹda ń tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ lè gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ fún alágbàṣe, bí ọkọ̀ náà kò bá ju iye ìjókòó báyìí lọ, bí kò bá wúwo ju báyìí lọ, bí iye ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá kọjá báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àgbà awakọ̀ kò ka àyọ̀ǹda náà sí. Ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ tó ń gbé ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ni. Ariwo rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ kéré, kò sì sí àgbà tó fẹ́ wà á.

Àṣìṣe wọn nìyẹn. Ní ọdún 1993, Comair, tó jẹ́ alágbàṣe Delta, gba ọkọ̀ tuntun kan tí Bombardier ilẹ̀ Kánádà ṣe. Àádọ́ta ènìyàn péré ló ń gbé, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀tì ni. Ó yára, ó ń fò ní òkè réré, ó sì lè rìn jìnnà. Kò pẹ́ tí Embraer ilẹ̀ Brazil fi gbé ERJ-145 jáde, òun náà jẹ́ jẹ́ẹ̀tì oníjòókòó 50. Irú ọkọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa mọ́, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi í gbé èrò láàárín ìlú nílẹ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ó sọ ohun tí àwọn àgbà kà sí iṣẹ́ ọmọdé di iṣẹ́ gidi. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ti ń fò tẹ́lẹ̀ di ohun tí jẹ́ẹ̀tì kékeré lè gbà, pẹ̀lú awakọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì.

Ìjà náà bẹ́ síta ní ọdún 1997. American fẹ́ ra jẹ́ẹ̀tì kéékèèké, ó sì fẹ́ kí àwọn awakọ̀ Eagle máa wà á. Àwọn awakọ̀ American ní rárá, àwọn ni kí ó wà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kejì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Ààrẹ Bill Clinton dá wọn dúró. Ó lo agbára tí òfin ọdún 1926 fún un, òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì fà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní 1936. Nígbà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, Eagle ló gba jẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n wọ́n dín iye rẹ̀ kù, wọ́n sì la ọ̀nà kan tí awakọ̀ Eagle lè gbà di awakọ̀ American nígbà tó bá yá. Lójú tèmi, ìlà ìkẹyìn yìí ló lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo ìjà náà, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣí sára ògiri.

Ní ibòmíràn, ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, àwọn awakọ̀ Comair daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 89. Wọ́n ní jẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń wà, àwọn èrò Delta ni àwọn ń gbé, kí ló dé tí owó àwọn fi rí báyìí? Lọ́dún kan náà, àwọn awakọ̀ alágbàṣe kan gbé ALPA, ẹgbẹ́ tí àwọn fúnra wọn ń san owó sí, lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé abala ààlà tí ẹgbẹ́ ń dúnàádúrà rẹ̀ fún àwọn àgbà ń dènà ìlọsíwájú àwọn. Ẹgbẹ́ kan, ọmọ méjì, ìyá kò sì lè gbè fún ọ̀kan láìṣẹ èkejì.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, èrò ọkọ̀ dín kù gan-an. US Airways àti United wọ ilé ẹjọ́ gbèsè ní 2002, Delta àti Northwest wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan náà ní 2005, American náà wọ̀ ọ́ ní 2011. Lábẹ́ òfin gbèsè, adájọ́ lè gba ilé iṣẹ́ láyè láti pa àdéhùn òṣìṣẹ́ tì. Ọ̀bẹ wà lọ́rùn àwọn awakọ̀, wọ́n sì ní láti yan ohun tí wọn yóò fi sílẹ̀: owó, owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ààlà. Lọ́pọ̀ ibi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó 50 di 70, 70 di 76. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún mẹ́wàá náà, nǹkan bí ìdajì ọkọ̀ tó ń gbéra nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà lójoojúmọ́ ló jẹ́ ti alágbàṣe.

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, ọkọ̀ kan gbéra ní Newark, ó ń lọ sí Buffalo. Continental ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, Colgan Air ló ń wà á. Ó já lu ilé kan ní Clarence Center. Gbogbo ènìyàn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan nínú ilé náà sì kú pẹ̀lú wọn. Àwọn olùwádìí ìjọba sọ pé bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe dáhùn sí ìkìlọ̀ tí ọkọ̀ fún un pé ó ti lọ́ra jù ló fà á. N kò ní sọ pé abala ààlà ló pa wọ́n, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ṣí aṣọ lójú ohun tí àwọn èrò kò mọ̀. Wọ́n gbọ́ pé owó ìpìlẹ̀ igbákejì awakọ̀ jẹ́ nǹkan bíi $16,000 lọ́dún. Wọ́n gbọ́ pé ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti wọ ọkọ̀ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láti Seattle kí ó tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣàkíyèsí. Àdéhùn Continental kò gba alágbàṣe láyè láti fi jẹ́ẹ̀tì tó ju ìjókòó 50 lọ ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó já yìí ní ìjókòó 74. Báwo ló ṣe wọlé? Q400 ni, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ ni, jẹ́ẹ̀tì sì ni ààlà náà dárúkọ. Àwọn tó kọ àdéhùn wo ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n nígbà náà, wọ́n sì mọ ògiri síwájú rẹ̀. Ohun mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Àwọn ẹbí àwọn tó kú kò dákẹ́. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin títí òfin kan fi jáde ní ọdún 2010. Ó ní kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì máa fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí yóò wa ọkọ̀ gan-an han oníbàárà. Ó tún mú kí igbákejì awakọ̀ nílò wákàtí 1,500 lójú òfurufú, yàtọ̀ sí àwọn kan tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ kí ó dín díẹ̀. Nígbà tó yá, awakọ̀ di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2022, àwọn alágbàṣe tó jẹ́ ti American gbé owó igbákejì awakọ̀ tuntun sókè sí nǹkan bíi $90 fún wákàtí kan. Ohun tí ẹgbẹ́ kò lè gbà fún ọmọ tuntun fún ọgbọ̀n ọdún, ọ̀wọ́n awakọ̀ gbà á láàárín oṣù díẹ̀.

Ààlà náà kò tíì kúrò. Nínú àdéhùn Delta, United àti American lónìí, ọkọ̀ alágbàṣe kò gbọdọ̀ ju ìjókòó 76 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju pọ́n-ùn 86,000 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 39,000. Gbólóhùn yìí ti dé Brazil. Embraer ṣe ọkọ̀ tuntun kan, E175-E2, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ epo díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà wúwo, ọkọ̀ náà sì kọjá ààlà. Ó fò fún ìdánwò ní ọdún 2019, síbẹ̀ kò sí èrò kankan tó tíì wọ̀ ọ́, nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń tà. Ní 2019 kan náà, United gba ọkọ̀ kan tó tóbi tó fún àádọ́rin ènìyàn, ṣùgbọ́n ìjókòó 50 ni wọ́n tò sínú rẹ̀, kí ó lè bá àdéhùn mu.

Ta ló wá jàre? Àwọn ilé iṣẹ́ ní bí àwọn bá san owó ńlá fún ọkọ̀ kékeré, àwọn ìlú kékeré kò ní rí ọkọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣófo. Àwọn àgbà awakọ̀ ní bí kò bá sí ààlà, orúkọ nìkan ni yóò kù sí ilé iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ yóò ti lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2002 sí 2009 fi hàn pé ìbẹ̀rù wọn tọ́. Èmi gbà pé wọ́n jàre láti mọ ògiri. Ibi tí mo ti rò pé wọ́n kùnà ni pé wọ́n rò pé ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò kan àwọn. Nígbà tí owó ẹni náà kéré tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló di ohun tí ọ̀gá fi ń halẹ̀ mọ́ wọn: bí ẹ kò bá gbà, ẹni kan wà lóde tí yóò ṣe é ní ìdajì owó. Ààlà tó le jù tí wọ́n ìbá fà ni kí wọ́n gbé owó ẹni tó wà lóde sókè.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìtàn yìí fi hàn mí pé àdéhùn iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan. Ó ń sọ ẹni tí a kà mọ́ ara wa àti ẹni tí a kò kà mọ́ ọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí yóò buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ wo iye owó tó wà níbẹ̀, ìyẹn kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sí abala tó sọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́, kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.